Ọ̀RỌ̀ TIWA LÓṢÙ YÌÍ: Ọwọ́ Ènìyàn Ni Ó Mú Àwòrán Rìn

Ìròyìn ìdílé wà ní ojú ewé tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á, kí ẹ sì lọ kí àwọn tí ó yẹ kí ẹ kí.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn àgbà kan. Ọ̀rọ̀ nípa àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni, àwòrán tí ń rìn, tí ń sáré, tí ń ṣubú tí ó sì ń dìde, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kàtúùnù. Àwọn ti àtijọ́ tí a fi ọwọ́ yà sórí tákàdá lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó jẹ wá lógún jù. Ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan èdè tí àwọn ọmọ wa yóò máa sọ nígbà tí àwa bá ti lọ, ó sì kan àwọn ọmọ tí a ń nà nítorí pé wọ́n ń yàwòrán sí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú àgbàlá ilé wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Urhobo tí ó ni ilẹ̀ wà nítòsí, Itsekiri wà nítòsí, Ijaw àti Ìgbò náà kò jìnnà. Bí iná bá dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹnì kan sì tan tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ọmọ àgbàlá a rọ́ jọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Tom àti Jerry ni ó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé èdè wo ni wọ́n ń sọ. Ológbò lé eku, eku fi ọgbọ́n bọ́, ológbò forí sọ ògiri, gbogbo ọmọ a sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 1940 ni William Hanna àti Joseph Barbera kọ́kọ́ gbé ológbò àti eku yìí jáde ní Amẹ́ríkà, àwọn eré wọn sì gba ẹ̀bùn Oscar 7. Hanna ti kú ní ọdún 2001, Barbera kú ní 2006. Síbẹ̀ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ní Ekete ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí a yà ní ohun tí ó lé ní 80 ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí á fojú kéré rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí a bá sọ pé àwòrán kò rìn rárá. Ojú wa ni ó ń rí i bẹ́ẹ̀. Bí a bá ya àwòrán kan, tí a ya èkejì tí ó fi díẹ̀ yàtọ̀ sí i, tí a sì fi wọ́n hàn kíákíá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ojú a rí i bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni ó ń mira. Àwòrán 24 ni sinimá ń fi hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí iṣẹ́ lè fúyẹ́, àwọn ayàwòrán àtijọ́ sábà máa ń fi àwòrán kan hàn ní ẹ̀ẹ̀mejì kí wọ́n tó fi òmíràn hàn. Nítorí náà àwòrán 12 ni ọwọ́ ní láti yà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀. Eré oníṣẹ́jú 7 yóò gba àwòrán 5,040. Bí ẹnì kan bá ń ya 20 lójúmọ́, láìsinmi Sátidé, láìsinmi Sọ́ńdè, yóò gbà á ní ọjọ́ 252. Eré tí ọmọ wa wò tán kí ọbẹ̀ tó hó, iṣẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ni fún ẹni kan ṣoṣo.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí ni Émile Cohl, ará Faransé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1908 ni wọ́n fi eré rẹ̀, Fantasmagorie, han àwọn ará Paris. Nǹkan bí 700 àwòrán ni ó yà sí i, eré náà kò sì tó ìṣẹ́jú méjì. Ní ọdún 1914 ní Amẹ́ríkà, Winsor McCay ya ẹranko ńlá kan ti ayé àtijọ́ tí ó pè ní Gertie. Ní ìgbà tirẹ̀, kì í ṣe ẹranko náà nìkan ni wọ́n ń tún yà; òkúta, igi àti omi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń tún yà sórí tákàdá kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni Earl Hurd mú ọgbọ́n ike wá. Wọ́n ń ya ẹranko sórí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì, wọ́n á gbé e lé orí àwòrán igbó tàbí ilé tí a ti yà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á sì fi kámẹ́rà yà á. Wọ́n á mú un kúrò, wọ́n á gbé òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Walt Disney gbé Snow White jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1937, eré náà gùn ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20 lọ. Àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń fi tàdáwà tọ ilà àwòrán sórí ike, tí wọ́n sì ń fi ọ̀dà kùn ún láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Bí ilà kan bá yẹ̀ díẹ̀, ojú ọmọbìnrin inú eré náà á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lójú sinimá. Orúkọ àwọn obìnrin wọ̀nyí kò hàn nínú eré náà. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìbàdàn, bí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ilà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà, láìtẹ̀ láìwọ́, yóò mọ irú obìnrin tí a ń sọ. A ń ra aṣọ, a ń wọ̀ ọ́ ròde, a kì í sábà béèrè ọwọ́ tí ó yà á.

Ohun mìíràn wà tí a fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ nígbà tí ẹ bá jókòó ti àwọn ọmọ. Àwòrán tí a fi ọwọ́ yà dáadáa ní ọgbọ́n ara. Kí eku tó fò, yóò kọ́kọ́ lóṣòó. Kí ológbò tó sáré, yóò kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù tí ó bá bọ́ sílẹ̀ á tẹ́ díẹ̀ kí ó tó ta sókè, bí ó bá sì ń lọ sókè á gùn díẹ̀. Frank Thomas àti Ollie Johnston, àgbà ayàwòrán méjì tí wọ́n bá Disney ṣiṣẹ́ pẹ́, kọ irú òfin báwọ̀nyí sínú ìwé ní ọdún 1981, wọ́n sì kà wọ́n sí méjìlá. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn tipẹ́: àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ayàwòrán tí kò bá kọ́kọ́ mú àgbò rẹ̀ rìn sẹ́yìn, kíkàn àgbò náà kò ní dun ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ti jókòó wo ewúrẹ́, adìyẹ àti ọmọ ènìyàn dáadáa ni ó lè ya nǹkan báyìí, nítorí pé ojú ni ó ń kọ́ ọwọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ìdílé wa gan-an ni a dé yìí. Gbogbo wa ni a mọ àlọ́ Ìjàpá àti ère. Ìjàpá ń jí nǹkan kó nínú oko olóko. Olóko gbẹ́ ère, ó fi àtè ra á lára, ó sì gbé e sí àárín oko. Ìjàpá dé, ó kí ère, ère kò dáhùn. Inú bí i, ó gbá a létí, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì gbá a, òun náà lẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ta á, ẹsẹ̀ lẹ̀. Ó fi orí kàn án, ó parí. Àwọn ará Ghana ń pa irú àlọ́ yìí, ti Ànáńsí aláǹtakùn ni wọ́n fi ń pa á. Nígbà tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá òkun, a kò lè gba àlọ́ lẹ́nu wọn. Ní Amẹ́ríkà, ehoro gba ipò Ìjàpá, ọ̀dà dúdú sì gba ipò àtè. Joel Chandler Harris kọ ọ́ sínú ìwé ní nǹkan bí ọdún 1880 láti inú ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn dúdú, ilé iṣẹ́ Disney sì yà á ní àwòrán tí ń rìn ní ọdún 1946, nínú sinimá Song of the South. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbà pé láti Áfíríkà ni ìtàn náà ti lọ. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń rẹ́rìn-ín sí ehoro tí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ẹ sọ fún un pé ìyá ìyá rẹ̀ mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ère.

A kò ní bo ohun tí kò dára mọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà bínú sí sinimá 1946 yẹn nígbà tí ó jáde, nítorí pé ó fi ìgbésí ayé àwọn ènìyàn wọn nínú oko òyìnbó hàn bí ohun adùn. Ilé iṣẹ́ náà kò sì tà á fún wíwò nílé ní Amẹ́ríkà títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré àtijọ́ ni ó ya ènìyàn dúdú bí ọ̀lẹ, pẹ̀lú ètè ńlá àti ojú tí ó yọ síta, kí àwọn òyìnbó lè rí wa rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1968, wọ́n yọ 11 lára àwọn eré Warner kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n nítorí ìwà àbùkù bẹ́ẹ̀. A kò sọ èyí kí ẹ lè lé àwọn ọmọ kúrò nídìí ohun gbogbo. A sọ ọ́ kí ẹ lè jókòó tì wọ́n. Ọmọ tí àgbà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò mọ èyí tí a ń yìn ọwọ́ lé àti èyí tí a ń bu ẹnu àtẹ́ lù. Ẹ tún sọ fún un pé ní ọdún 1956, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan tí ń jẹ́ Floyd Norman wọ ilé iṣẹ́ Disney, ó jókòó sídìí tábìlì, ó mú lẹ́ẹ̀dì, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ya Sleeping Beauty tí ó jáde ní 1959 àti The Jungle Book ti 1967. Ọwọ́ dúdú wà nínú iṣẹ́ náà.

Nílé wa pàápàá, àwọn ọlọ́wọ́ wà. Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí a bí ní 1916, ni ó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn West African Pilot ní àwọn ọdún 1940 síwájú. Ó ń fọwọ́ sí i ní "Lash". Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè wo àwòrán rẹ̀ kí ó mọ ohun tí àwọn òyìnbó ń ṣe sí wa. Wale Adenuga dá ìwé Ikebe Super sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí ó kún fún àwòrán ẹ̀fẹ̀. Papa Ajasco tí ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, inú ìwé yẹn ni a ti kọ́kọ́ yà á kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó ṣe é. Ní orílẹ̀-èdè Niger tí ó wà ní àríwá wa, Moustapha Alassane, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ni ó mú àwòrán rìn. Ó lọ kọ́ ọgbọ́n rẹ̀ lọ́dọ̀ Norman McLaren ní Kánádà. Ní ọdún 1966 ó gbé Bon voyage Sim jáde, ìtàn ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ó jẹ́ ààrẹ, tí ó lọ ṣe àbẹ̀wò sí ìlú mìíràn, tí wọ́n sì gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó padà dé. Ẹ rántí pé ní oṣù kejì ọdún 1966 yẹn kan náà ni wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ti Ghana nígbà tí ó wà lẹ́nu ìrìn àjò. Ọ̀pọ̀lọ́ lásán ni Alassane yà, ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá wò ó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ìtòsí ju èyí lọ. Nígbà tí Wole Soyinka tú ìwé D. O. Fagunwa, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, ta ni ó ya àwọn àwòrán inú rẹ̀? Bruce Onobrakpeya ni, ọmọ Urhobo, tí a bí ní 1932 ní Agbarha-Otor, nítòsí Ughelli, ìrìn ọkọ̀ kékeré láti ibi tí a wà yìí. Ọmọ àwọn tí ó gbà wá sílé ni ó fi ọwọ́ ya ọdẹ wa àti iwin igbó wa, tí ó sì yà wọ́n dáadáa. Láti ọdún 1998 ni ó ti dá ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Agbarha-Otor, tí wọ́n ń péjọ síbẹ̀ kọ́ iṣẹ́ lára ara wọn. Bí ọmọ Urhobo bá lè ya ìtàn wa, kí ni ó ń dá ọmọ wa dúró?

A ó sọ ohun tí ó ń dá a dúró. Ní ìpàdé wa kan láìpẹ́ yìí, bàbá kan dìde pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ ilé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bàbá náà wí pé, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi wo ohun tí mo ń fi owó rà. Ìwé mẹ́fà ni mo rà fún un ní táàmù yìí, ó ti fi ewúrẹ́ ba méjì jẹ́." Lóòótọ́, ní igun ìsàlẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan, ewúrẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀. Àwọn kan mi orí. Ẹnì kan sọ pé nínà ni ó tọ́ sí i. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé na ọwọ́, ó ní, "Ẹ mú un wá kí n rí i." Ó fi atànpàkò ṣí igun ìwé náà wéréwéré. Ó tún un ṣí. Ó ní, "Bàbá ọmọ, ewúrẹ́ yìí mà ń sá o! Ó mà ń sá fún ẹnì kan!" Ìwé náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ewúrẹ́ náà sáré, ó wẹ̀yìn, ó fo ọgbà, ìrù rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Bàbá náà gba ìwé rẹ̀ padà, ó tún fúnra rẹ̀ ṣí i lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìpàdé fi parí.

A kò dá bàbá náà lẹ́bi. Ìwé wọ́n, owó ilé ẹ̀kọ́ wọ́n, ó sì ní ìdí tí a fi rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ náà ti ṣe láìsí olùkọ́. Ohun tí Cohl ṣe ní Paris ní 1908 ni ó ṣe ní Ekete. Ó ti mọ̀ pé ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ lóṣòó kí ó tó fò. Ọmọ tí ó bá jókòó fi sùúrù ya ewúrẹ́ kan náà ní ogójì ìgbà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìbáwí tí ó yẹ ẹ́ ni pé kí á ra ìwé kan fún un fún àwòrán, kí á sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yà á sí ti ìṣirò mọ́.

Ohun kan ṣì kù tí ó dùn wá. A béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé kí ni ewúrẹ́ náà ń sá fún. Èdè tí àwọn ọmọ ń sọ ní ìgboro Warri ni ó fi dáhùn. A béèrè pé ṣé ó mọ àlọ́ Ìjàpá kankan. Ó ní rárá. Ọwọ́ wà, ìtàn kò sí. Ìyá àgbà tí ó ṣí ìwé náà mọ àlọ́ tí ó tó ọgbọ̀n, kò sì sí ọmọ kankan tí ó ti ní kí ó pa ọ̀kan fún òun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn méjèèjì ń gbé òpópónà kan náà, wọn kò bá ara wọn pàdé.

Ayé ti yí padà, a mọ̀. Láti ìgbà tí Toy Story ti jáde ní 1995, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré ńláńlá. Síbẹ̀, àwọn tí ń fi ọwọ́ yà kò tán. Hayao Miyazaki ará Japan, tí a bí ní 1941, gbé The Boy and the Heron jáde ní 2023, ọwọ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì gba Oscar ní 2024. Àwọn ọmọ tiwa náà ti wọ inú iṣẹ́ yìí. Shofela Coker fi Moremi ṣe eré ní 2023, láàárín eré mẹ́wàá tí a pè ní Kizazi Moto. Tolu Olowofoyeku àti Ziki Nelson, pẹ̀lú Hamid Ibrahim ará Uganda, dá ilé iṣẹ́ Kugali sílẹ̀, àwọn àti Disney sì gbé Iwájú jáde ní 2024, ìtàn ìlú Èkó ti ọjọ́ iwájú. Adamu Waziri ní Àbújá ń ṣe Bino and Fino fún àwọn ọmọ kéékèèké, a sì ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Inú wa dùn sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ lójú fóònù, kò sì sí kọ̀ǹpútà tí ó lè ya àlọ́ tí ẹni tí ń lò ó kò gbọ́ rí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, bí àwọn ọmọ bá ń wo eré, ẹ jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì fi Yorùbá béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Tom àti Jerry dára púpọ̀ fún èyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ ni yóò máa fi ọ̀rọ̀ sí i. "Kí ni ológbò ṣe?" "Ó forí gbá ògiri." Ọmọ tí ó bá dáhùn báyìí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ti kọ́ Yorùbá láìmọ̀.

Èkejì, ẹ ra ìwé olójú 40 kan àti lẹ́ẹ̀dì kan fún ọmọ tí ó bá ń yàwòrán. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ewé ìkẹyìn, kí ó máa bọ̀ wá síwájú, kí ó lè máa rí àwòrán tí ó ti yà lábẹ́ èyí tí ó ń yà. Kí ó yà á sí igun kan náà lórí ewé kọ̀ọ̀kan, kí ó sì yí i padà díẹ̀díẹ̀. Ewé 40 yóò fún un ní eré tí ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ẹ bá ń wá ohun tí yóò yà, ẹ fún un ní àlọ́ Ìjàpá tí ó kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, tí ó gbé e kọ́ àyà, tí ó sì fẹ́ gun igi. Ìjàpá na ọwọ́, akèrègbè dí i. Ó gbé ẹsẹ̀, ó yọ̀ bọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tún un gùn, ó tún ṣubú. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó fún un.

Ẹ̀kẹta kan ẹgbẹ́ wa. A ń dábàá pé ní ìpàdé ìdílé tí ń bọ̀, kí á fún àwọn ìyá àti bàbá àgbà wa ní àkókò láti pa àlọ́ kan, kí àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní níwájú wọn pẹ̀lú tákàdá àti lẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n ya ohun tí wọ́n gbọ́. Kí á pe àwọn ọmọ Urhobo àti Itsekiri tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa náà wá, kí àwọn àgbà wọn sì pa tiwọn. Kò sí ìyà nínú kí ọmọ gbọ́ àlọ́ ìlú méjì. Ìwé ìròyìn yìí yóò tẹ àwòrán ọmọ kan jáde lóṣooṣù, pẹ̀lú àlọ́ náà ní Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbà pẹ̀lú wa, ẹ sọ fún akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá gbà, ẹ wá sí ìpàdé kí ẹ wá sọ ọ́ níbẹ̀. Bàbá ọmọ tí ó ya ewúrẹ́ ti ní òun yóò mú ẹní wá. Ẹ kí ará ilé fún wa, ẹ sì kí àwọn ọmọ. Ó di oṣù tí ń bọ̀ o.